Ọjọ́ Tí Alágbàfọ̀ Lọ Ṣe Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì

Áyọ́ọ̀nù ìlọṣọ kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọṣẹ kò gbọ́ ọ. Bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tí àlejò òtẹ́ẹ̀lì da kọfí sí kò sì ní béèrè èdè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ fọ̀ ọ́. Ohun tí aránṣọ ń rò nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà bó ṣe ń bu ṣúgà sínú tíì ọkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ sọ ọ́ jáde. Gẹ̀ẹ́sì nìkan ni òfin ilé wọn gbà láyè, Gẹ̀ẹ́sì tó sì wà lọ́wọ́ rẹ̀ kò tó ohun tí ènìyàn lè fi bínú.

"Drink your tea," ló sọ.

"Thank you. I am drinking my tea," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn. Kò tíì fẹnu kan tíì náà. Ó dúró síwájú dígí, ó ń so táì, ó ń tú u, ó tún ń so ó.

Alágbàfọ̀ ni ọkọ rẹ̀ ní òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan. Abẹ́ ilé ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, níbi tí ooru ẹ̀rọ ìfọṣọ ti ń mú kí ògiri máa làágùn, tí ẹsẹ̀ àlejò kankan kì í dé. Ṣùgbọ́n àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra òtẹ́ẹ̀lì náà ní gbogbo òṣìṣẹ́ ló gbọ́dọ̀ lè bá àlejò sọ Gẹ̀ẹ́sì, láti orí ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn títí dé orí ẹni tó ń fọ ṣòkòtò. Mánéjà fúnra rẹ̀ ló ń pè wọ́n wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti bi wọ́n léèrè ọ̀rọ̀. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ló kan bàbá àgbàlagbà tó kọ́ ọkọ aránṣọ bí wọ́n ṣe ń lọ aṣọ síìlíkì tí kò fi ní jó. Wọ́n bi í pé iṣẹ́ wo ló ń ṣe, ó ní "Yes, sir." Wọ́n bi í pé ó ti pẹ́ tó níbẹ̀, ó ní "Yes, sir." Bàbá náà ti wà nílé báyìí, ó ń ka àjà. Òní ló kan ọkọ aránṣọ.

Nítorí ìdánwò yìí ni bébà pélébé ṣe kún ara gbogbo ohun ìní wọn. Ọ̀kan wà lára ilẹ̀kùn, ọ̀kan lára àga, ọ̀kan lára garawa, ọ̀kan lára ìkòkò tí iná ti sọ ìdí rẹ̀ di dúdú. Orúkọ nǹkan ọ̀hún ní Gẹ̀ẹ́sì ló wà lókè, gbólóhùn tó fi bí wọ́n ṣe ń lò ó hàn ló wà nísàlẹ̀. "Please close the door." "I sit on the chair." Àlejò tó bá wọlé á rò pé wọ́n fẹ́ lu ẹrù wọn ní gbàǹjo ni. Tíṣà tó háyà yàrá ìsàlẹ̀ ló kọ́ wọn lọ́gbọ́n yìí, ọkùnrin kan tí gbogbo ilé ń pè ní Fọ́-Ẹ̀sáńpù nítorí pé kò lè sọ̀rọ̀ díẹ̀ kó má ti "for example" bọ̀ ọ́. Ó ní ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò bá tíì fi ṣe gbólóhùn, ó yá a ni, kì í ṣe tirẹ̀. Òun náà ló gbà wọ́n nímọ̀ràn kí wọ́n má sọ Yorùbá mọ́ nínú ilé títí ọjọ́ ìdánwò, ẹni tó bá sì ṣèèṣì sọ ọ́, kí wọ́n yọ ẹran kúrò nínú oúnjẹ rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ìyá ọkọ aránṣọ, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Àgbà, kò gbọ́ ju "bye-bye" lọ. Ẹran wọn bọ́ lálẹ́ àkọ́kọ́, ó tún bọ́ lálẹ́ kejì. Ọmọ wọn fẹ́ yọ wọ́n sílẹ̀ nínú òfin náà, àwọn fúnra wọn ló kọ̀. Wọ́n ní bí àwọn bá ń sọ Yorùbá, ọmọ kékeré á máa dá àwọn lóhùn, ilé á sì padà sí bó ṣe wà. "Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́," ni wọ́n wí. "Ẹ jẹ́ kí n panu mọ́." Ni wọ́n bá panu mọ́ lóòótọ́. Bí wọ́n bá fẹ́ omi, wọ́n á nawọ́ sí omi. Bí atẹ́gùn bá ń mú wọn, wọ́n á nawọ́ sí fèrèsé. Sísí, ọmọ kan ṣoṣo tí aránṣọ bí, ẹni ọdún méje tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, wá sọ ọ́ di eré. Ohunkóhun tí Ìyá Àgbà bá nawọ́ sí, Sísí á dá orúkọ rẹ̀, á fi ṣe gbólóhùn, á sì pàtẹ́wọ́ fún ara rẹ̀. Eré náà dùn débi pé kò sẹ́ni tó tún bìkítà pé Ìyá Àgbà ní ohùn.

Aránṣọ jókòó sídìí máṣíìnì rẹ̀ nínú pálọ̀. Aṣọ fèrèsé oníbàárà kan ló wà níwájú rẹ̀. Ó ti rán etí rẹ̀ wọ́, ó ti tú u, ó tún ti rán an wọ́. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kò balẹ̀ lórí pẹ́dà, òwú ń já, abẹ́rẹ́ ń fò. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ọkọ rẹ̀ ti ń rìn láti ìdí fèrèsé dé ìdí ilẹ̀kùn.

"I wash the linen. I dry the linen. I iron the linen." Ó dé ìdí ilẹ̀kùn, ó yí padà. "My strength is... My strength is..." Ó dúró. Agbára rẹ̀ ti sá kúrò lórí rẹ̀.

"Hardworking!" ni Sísí pariwo láti inú yàrá.

"Hardworking," ni bàbá rẹ̀ tún sọ, ó sì nu ojú rẹ̀.

Àánú rẹ̀ ṣe aránṣọ. Ọkùnrin tó ń gbé ẹrù aṣọ tútù lórí àtẹ̀gùn láràárọ̀ láìmí gúlegúle, wò ó bó ṣe ń gbọ̀n nítorí ọ̀rọ̀ ẹnu. Inú tún bí i. Kò mọ ẹni tó yẹ kó bínú sí, bóyá mánéjà ni, bóyá tíṣà ìsàlẹ̀ ni, bóyá ọkọ rẹ̀ tó gbà fún wọn ni. Ó tẹ pẹ́dà náà bí ẹni pé ìyẹn ló jẹ̀bi.

Ọkọ rẹ̀ wọ yàrá lọ láti wọ bàtà. Yàrá náà ni Ìyá Àgbà àti Sísí ń sùn, kọ́tínì ló sì là á kúrò lára pálọ̀. Ariwo máṣíìnì kò jẹ́ kí aránṣọ gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀, àfi ohùn Sísí tó máa ń lọ sókè bó bá mọ nǹkan.

"Head! This is my grandmother's head!"

Máṣíìnì sáré díẹ̀, ó dúró.

"Hand! My grandmother has two hands!"

Ó gbọ́ ẹ̀rín ọkọ rẹ̀, ó gbọ́ bó ṣe yin ọmọ náà. Aránṣọ pẹ̀lú rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilé tí ẹ̀rín ṣì ń jáde nínú rẹ̀ lọ́jọ́ tó le bẹ́ẹ̀, oore ni.

Nígbà tí ọkọ rẹ̀ gbé kọ́tínì sókè láti jáde, aránṣọ rí Ìyá Àgbà létí ibùsùn. Wọ́n di apá ṣẹ́ẹ̀tì ọmọ wọn mú. Ọkùnrin náà rò pé wọ́n ń gbàdúrà fún òun nínú ni, ó tẹrí ba. "Amen," ó wí. "Amen, Mama." Wọn kò jọ̀wọ́ rẹ̀. Ó wo ibi tí wọ́n dì mú, ó rọra tú ìka wọn kúrò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó wá fi àtẹ́lẹwọ́ na ṣẹ́ẹ̀tì náà kó má baà rún. Òun ló lọ̀ ọ́ lánàá, ó sì lọ̀ ọ́ débi tí eṣinṣin ì bá yọ̀ lórí rẹ̀.

Ó dé ẹnu ilẹ̀kùn, ó dúró. Aránṣọ dìde. Ohun tó máa ń sọ fún un wà lọ́fun rẹ̀: olówó orí mi, wàá lọ ire, wàá bọ̀ ire, ojú ò ní tì ọ́. Ó wá Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ títí, kò rí i. Kò sí bébà tí wọ́n kọ ọ́ sí.

"Good luck," ó wí.

"Thank you very much," ni ọkọ rẹ̀ dáhùn, ó sì lọ. Ó dun aránṣọ wọra. Láti ọjọ́ tó ti wọlé ọkùnrin náà, kò tíì kí i bí ẹni ń kí oníbàárà rí.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò sí lábẹ́ òfin. Ibẹ̀ ni aránṣọ máa ń sá lọ sọ̀rọ̀, bí ẹni tó jáde lọ tu itọ́. Obìnrin tó ń gbé yàrá òdìkejì ti gbé àpótí rẹ̀ síta, ó ń dirí fún oníbàárà, ó fi eyín há ìyarun.

"Ìyàwó, ṣé ó ti lọ?"

"Ó ti lọ, ẹ̀gbọ́n. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá."

"Á yege. Ẹni tó mọ aṣọ tó ń ṣá yàtọ̀ sí èyí tí kì í ṣá, kí ló tún kù tí wọ́n fẹ́ kó mọ̀?"

"Ẹ lọ bá mi sọ ọ́ fún mánéjà wọn."

Oníbàárà tó jókòó bú sẹ́rìn-ín. Onídìrí fa orí rẹ̀ padà. "Jókòó jẹ́ẹ́, kí n má baà fi irun rẹ ya ọ̀nà wíwọ́." Ó yọ ìyarun lẹ́nu. "Ìyá ńkọ́? Ó pẹ́ tí mo ti gbọ́ ohùn wọn. Tẹ́lẹ̀, bí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kí mi láti inú yàrá láàárọ̀, mi ò nílò aago mọ́."

"Wọ́n wà. Wọ́n ń bá Sísí ṣeré."

"Pẹ̀lú ẹnu dídì?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ má bẹ̀rẹ̀ o."

"Kí ni mo bẹ̀rẹ̀? Mo kàn ń sọ ọ́ ni. Bí a bá sọ òkò sọ́jà, ará ilé ẹni ní í bá. Èmi ò tíì gbọ́ ọ rí kí wọ́n máa fi ẹran dẹ́rù ba ìyá tó bí ọkọ."

Ọ̀rọ̀ náà bọ́ síbi tó ti ń dun aránṣọ tẹ́lẹ̀. "Ṣé èmi ni mo ṣòfin ni? Bí iṣẹ́ bá bọ́ lọ́wọ́ ọkọ mi, ṣé ẹ̀yin lẹ máa bọ́ wa? Ọkọ tiyín wà lókè òkun, ó ń fi nǹkan ránṣẹ́. Ẹ lè máa sọ Yorùbá tó bá wù yín!"

Kò sí ẹni tí kò mọ̀ nínú ilé náà pé ọkọ onídìrí kò fi nǹkan kan ránṣẹ́ mọ́, pé kò tilẹ̀ pè lórí fóònù. Oníbàárà tó jókòó ń wo ìka ẹsẹ̀ ara rẹ̀. Onídìrí mú irun kan, ó pín in sọ́nà mẹ́ta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dì í.

"Ó dáa," ó wí. "Ó dáa, ìyàwó."

Ẹyin lohùn. Aránṣọ dúró níbẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣà á nílẹ̀, kò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀, ó sì padà wọlé.

Kò lè jókòó. Ó gbá ilẹ̀ tó ti gbá. Ó gbé fóònù, ó pe ọkọ rẹ̀, wọ́n ní kò lọ. Ó rántí pé wọ́n máa ń gba fóònù gbogbo wọn lẹ́nu ọ̀nà òtẹ́ẹ̀lì. Ó gbé ìrẹsì àná kaná kí oúnjẹ ọ̀sán lè tètè gbóná, ó kéré tán ọwọ́ rẹ̀ á rí nǹkan ṣe. Nígbà tó ń bù ú fún Ìyá Àgbà, ohun tí onídìrí sọ tún dún létí rẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn bí olè, ó mú ẹran kan, èyí tó tóbi jù nínú ìkòkò, ó tì í bọ abẹ́ ìrẹsì náà.

Ìyá Àgbà ṣì jókòó létí ibùsùn níbi tí ọmọ wọn fi wọ́n sí, wọ́n fẹ̀yìn ti ògiri. Sísí dọ̀bálẹ̀ sórí ẹní, ó ń ya àwòrán ilé.

"Food," ni aránṣọ wí. "Eat."

"Mummy, say 'Your food is ready.'"

"Your food is ready."

Ọwọ́ ọ̀tún Ìyá Àgbà wà lórí itan wọn, kò mira. Wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá ṣíbí mú. Ṣíbí náà gbọ̀n, ó jábọ́.

"Spoon!" ni Sísí kígbe. "The spoon is on the floor!" Ó pàtẹ́wọ́.

Aránṣọ bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Bó ṣe ń gbérí, ojú rẹ̀ àti ojú Ìyá Àgbà ṣe mẹ́rin, ó sì wá rí wọn. Ojú lọ̀rọ̀ wà, àwọn àgbà kò purọ́. Láti àárọ̀ ni òun ti ń fi etí gbọ́ ohun tó ń lọ ní yàrá yìí, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu Ìyá Àgbà ti wọ́ sísàlẹ̀, itọ́ sì ń ti ibẹ̀ sun. Omi wà lójú wọn.

"Ìyá?"

Wọn kò dáhùn.

"Ìyá! Ẹ dá mi lóhùn! Ẹ sọ̀rọ̀, ẹ jọ̀ọ́, ohunkóhun tó bá wá sẹ́nu yín, ẹ sọ ọ́!"

Ìyá Àgbà ya ẹnu. Ohun tó jáde níbẹ̀ kì í ṣe Yorùbá, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

"Mummy," ni Sísí wí, "you spoke Yoruba. No meat for you."

Ọwọ́ aránṣọ ti lọ sókè kó tó mọ̀. Ó rí ojú ọmọ náà, ojú ọmọ tó ń retí kí wọ́n yìn ín. Ó sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Ta ló fẹ́ gbá? Ohun tí wọ́n kọ́ ọmọ lọmọ ṣe.

"Láàárọ̀," ó wí, "kí ni Ìyá Àgbà nawọ́ sí?"

Sísí fọwọ́ kan orí ara rẹ̀, ó wá fọwọ́ kan apá rẹ̀. Ẹ̀rù ti ń bà á, kò sọ gbólóhùn kankan. Eré kọ́ ni Ìyá Àgbà ń ṣe. Ibi tó ń dùn wọ́n ni wọ́n ń fi hàn, àwọn ará ilé sì ń pàtẹ́wọ́ sí i.

"Ẹ gbà mí o! Ará ilé, ẹ gbà mí!"

Onídìrí ló kọ́kọ́ wọlé, ìyarun wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò béèrè ohunkóhun, kò sì sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ lọ́dẹ̀dẹ̀. Ó ti ọwọ́ bọ abẹ́ apá Ìyá Àgbà, oníbàárà rẹ̀ tó ní irun dídì lápá kan, tí apá kejì rí wúruwùru, gbé ẹsẹ̀ wọn, aránṣọ di ẹ̀yìn wọn mú. Bí wọ́n ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ni Fọ́-Ẹ̀sáńpù yọrí láti inú yàrá rẹ̀.

"Ẹ lọ bá mi pe ọkọ mi wá sílé ìwòsàn!" ni aránṣọ ké sí i.

"Ṣùgbọ́n wọ́n wà nínú ìdánwò. For exam..."

"Tíṣà!" ni onídìrí jágbe mọ́ ọn. Ọkùnrin náà wo ojú Ìyá Àgbà, ó sì fi ẹsẹ̀ fẹ́ ẹ.

Nínú takisí, orí Ìyá Àgbà wà lórí itan aránṣọ. Ó ń bá wọn sọ̀rọ̀, kò dúró mí. Gbogbo ohun tó ti há a lọ́fun láti ìgbà tí bébà ti wọlé wọn ló ń dà jáde: etí aṣọ fèrèsé tó wọ́, oníbàárà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹran tó fi pamọ́ sábẹ́ ìrẹsì. "Ẹ má dákẹ́ mọ́ mi lọ́wọ́ o, Ìyá mi. Ẹ bú mi bó bá wù yín." Ìyá Àgbà ń wò ó. Onídìrí gbé Sísí lẹ́sẹ̀ níwájú, ọmọ náà kò yí ojú padà.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti kẹ̀kẹ́ aláìsàn wọlé lọ, wọ́n gbé Ìyá Àgbà sábẹ́ ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán orí. Aránṣọ kò lè jókòó sórí bẹ́ńṣì. Ó rìn lọ, ó rìn bọ̀, títí dókítà fi jáde, ọ̀dọ́mọbìnrin kan tó ń yára rìn. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì béèrè nǹkan. Ó wo ojú aránṣọ, ó sì yí i sí Yorùbá.

"Àrùn rọpárọsẹ̀ ni, mà. Ẹ̀jẹ̀ dì sínú ọpọlọ wọn. A ní oògùn tó lè tú u, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ tíì pẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bó bá ti pẹ́, oògùn yẹn gan-an lè pa wọ́n. Torí náà, ìgbà wo ni wọ́n sọ̀rọ̀ tó já gaara gbẹ̀yìn?"

Aránṣọ wo ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé Ìyá Àgbà gbà wọlé.

"Ṣé wọ́n kí yín láàárọ̀ yìí?"

"Rárá."

"Lánàá ńkọ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Ṣé ẹ ò jọ gbélé ni?"

"A jọ ń gbé. Kọ́tínì ló wà láàárín wa."

Dókítà náà dúró kó ṣàlàyé. Aránṣọ sọ ọ́. Ó sọ nípa òtẹ́ẹ̀lì, ó sọ nípa bébà, ó sọ nípa ẹran. Bó ṣe ń sọ ọ́ ló ń gbọ́ bó ṣe rí létí ẹni tí kò bá wọn gbé. Nọ́ọ̀sì kan tó ń kọjá dúró díẹ̀, ó mi orí, ó lọ. Dókítà kò bá a wí. Ì bá sàn kó bá a wí.

"Wọ́n nawọ́ sí orí wọn láàárọ̀," ni aránṣọ wí. "Ọmọ mi rí wọn. Wọ́n nawọ́ sí apá wọn."

"Ìyẹn ò tó, mà. Ó lè ti bẹ̀rẹ̀ láti òru, ó lè ti bẹ̀rẹ̀ lánàá. Ẹni tó gbọ́ ohùn wọn ni mo ń wá." Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀. "Bí mi ò bá rí i, mo ní láti kà á sí pé ó ti pẹ́."

Ìgbà náà ni ọkọ aránṣọ sáré wọlé, Fọ́-Ẹ̀sáńpù ń mí hẹlẹ hẹlẹ lẹ́yìn rẹ̀. Òógùn ti mu ṣẹ́ẹ̀tì náà, gbogbo ibi tó lọ̀ ló ti rún. Táì ọrùn rẹ̀ ti yí sí èjìká.

"Ẹ̀yin lọmọ wọn?" ni dókítà béèrè. "Ìgbà wo lẹ gbọ́ ohùn wọn gbẹ̀yìn?"

Ọkùnrin náà wo dókítà. Ó wo ìyàwó rẹ̀, ó wo onídìrí, ó wo nọ́ọ̀sì tó tún ti dúró. Kò sẹ́ni tó tíì sọ fún un nípa oògùn. Ẹjọ́ ló rò pé wọ́n pe òun sí.

"Mi ò mọ̀," ó wí.

Yorùbá àkọ́kọ́ tó sọ létí ìyàwó rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣòfin nìyẹn. Dókítà mí kanlẹ̀, ó yí padà láti wọlé.

Sísí já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ onídìrí. Ó la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Ó wo bàbá rẹ̀, ó wo màmá rẹ̀. Aránṣọ kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀ lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn.

"Sọ ọ́, ọmọ mi. Bó ṣe wà nínú ẹ ni kó o sọ ọ́. Kò sẹ́ni tó máa bá ẹ wí."

"Ìyá Àgbà sọ̀rọ̀ láàárọ̀."

Dókítà padà kánkán. "Ṣé o gbọ́ wọn dáadáa? Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi. Wọ́n ní orí ń fọ́ àwọn, wọ́n ní ọwọ́ àwọn ń kú." Sísí gbé itọ́ mì. "Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì."

"Ìgbà wo nìyẹn?"

"Nígbà tí Dádì ń wọ bàtà. Wọ́n sọ fún Dádì náà. Dádì rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo káre."

Dókítà ti ń sáré lọ, ó ń pe àwọn nọ́ọ̀sì, ilẹ̀kùn ń fì lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n gbọ́ tó ń sọ pé àkókò ṣì kù díẹ̀, kí wọ́n yára. Fọ́-Ẹ̀sáńpù kọjú sí ògiri. Onídìrí fa Sísí mọ́ra. Aránṣọ ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀, ó gbé ojú sókè sí ọkọ rẹ̀.

Ọkùnrin náà tú táì kúrò lọ́rùn, ó wé e mọ́ ọwọ́, ó tún tú u.

"Wọ́n ní kí n máa bá iṣẹ́ lọ," ó wí. "Mo yege."